Ṣaworo Abẹ́ Ilé Bàbá Thamesmead

Ẹ má bi mí ní ọdún tí wọ́n bí i o. Òun gan-an ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, akọ̀wé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wo ojú rẹ̀ tó sì kọ ohun tó wù ú. Ohun tí mo mọ̀ nípa bàbá tó bí ìyá mi ni pé ó máa ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀ kó tó wọlé, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀ kí n tó kó bá a. Ó ń mu tíì láìfi ṣúgà sí i, á wá máa jẹ ṣúgà lọ́tọ̀ bí ẹni ń jẹ obì. Ó ń fi Ìjẹ̀bú bá ẹranko sọ̀rọ̀, ó ń fi Yorùbá bá àwa sọ̀rọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín fún òyìnbó. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni wọ́n bí mi sí, ẹ fi orí jì mí.

Bàbá Thamesmead ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí ibẹ̀ ni fúláàtì rẹ̀ wà. Ìyá mi, Mummy, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń gbé ní Barnfield ní Woolwich. Èmi ni Àjọkẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí mo rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nítòsí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni mo bá kó ẹrù mi lọ, mo sì gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé a ó máa gbé pẹ̀lú ẹran.

Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni òyìnbó ń pè é. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kò sí ihò ehoro tí kò lè wọ̀. Tí o bá rán an wọ ihò, ehoro á gba ẹnu ihò mìíràn sá jáde, á bọ́ sínú àwọ̀n tí o ti dẹ sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ayé àwọn baba ńlá òyìnbó. Ṣùgbọ́n ti Bàbá kì í ṣe fẹ́rẹ́ẹ̀tì lásán. Àdàlù ni. Akọ tó ní ẹ̀jẹ̀ pólìkáàtì, ẹran igbó tí fẹ́rẹ́ẹ̀tì ti ara rẹ̀ wá, ló fi ń gun abo tilé, nítorí ó ní èyí tó jẹ́ tilé pátápátá ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń pè ní ihò. Ojú àwọn àdàlù yìí dúdú láti etí kan dé ìkejì bí ẹni tó fi aṣọ bojú. Wọn kì í pariwo. Wọ́n kàn máa ń wo èèyàn ni, wọn ò sì ní gbé ojú kúrò.

Méje ni wọ́n nígbà tí mo dé, nínú àgò onígi ní gáréèjì. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe kọ́ Thamesmead: nítorí omi tó lè ya wọlé, ọkọ̀ ló ń gbé ìsàlẹ̀, èèyàn ń gbé òkè. Nítorí náà, orí wọn gan-an la ń sùn lé, òórùn wọn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ páìpù gòkè wá bá wa ní ilé ìdáná. Mo sọ fún Bàbá pé ilé yìí ń rùn. Ó ní ẹ̀tà náà ń rùn nínú igbó, "kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó wá gbóòórùn òun."

Orúkọ ajá ló sọ wọ́n, irú orúkọ tí àwọn àgbà fi ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò: Ayéṣòro, Ẹ̀yìnlàárò, Tanímọ̀la. Èyí tó burú jù nínú wọn, tó gé ọmọ ìka mi jẹ títí kan eegun, òun ló pè ní Ìwàlẹ̀wà. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà lọ́wọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má yọ ọwọ́, kí n tì í síwájú, torí ẹni tó bá fa ọwọ́ lẹ́nu wọn ló ń pàdánù ẹran ara. Bẹ́ẹ̀ sì ni, mo tì í síwájú, ó tú mi sílẹ̀.

Rélùwéè ló sọ Ìjẹ̀bú di ọlọ́sìn fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Bàbá bá wọn ṣiṣẹ́ ojú irin láti Plumstead lọ sọ́nà Kent, òyìnbó àgbà kan tó ń jẹ́ Lẹ́n sì wà láàárín wọn tó máa ń gbé fẹ́rẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀wù wá síbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá dúró jẹun ọ̀sán, Lẹ́n á rán an wọ ihò ehoro lẹ́bàá ojú irin. Bàbá ní lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i, òun ò lè jẹun mọ́. Nílé, òkété ni wọ́n ń gbẹ́. Èèyàn á dí àwọn ẹnu ihò yòókù, á dáná ewé gbígbẹ sí ẹnu kan, á fẹ́ èéfín wọlé, á gbẹ́ ilẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi fẹ́ẹ̀ kán, òkété sì tún lè gba ibòmíràn lọ. Òyìnbó yìí kàn rán ẹnì kan wọlé pé kó lọ pè é wá ni. Ohun tó wá dẹ́rù bà á ni pé ẹran náà padà. Ó ti wọ inú òkùnkùn lọ, ojú ẹnikẹ́ni ò tó o mọ́, ó lè máa lọ tirẹ̀, ó sì padà sọ́wọ́ ẹni tó rán an. Bàbá bi Lẹ́n pé kí ló ń mú un padà. Lẹ́n ní òun ò mọ̀. Lẹ́n ti kú tipẹ́, Bàbá ṣì máa ń sọ pé, "Mo gbà fún òyìnbó yẹn. Ó mọ ohun tí kò mọ̀."

Àwọn tó ń ro oko pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ní ẹ̀yìn Plumstead ló máa ń pè é, torí ehoro ń jẹ kábéèjì wọn. Mo tẹ̀lé e lọ ní Sọ́ńdè bíi mélòó kan, mo sì kórìíra rẹ̀. Kì í ṣe òtútù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ni. Bàbá kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ lórí ihò, kì í jẹ́ kéèyàn fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Á fi àwọ̀n bo ẹnu ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, á so ṣaworo kékeré mọ́ fẹ́rẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, á gbé e súnmọ́ ẹnu rẹ̀, á ní "Bísímílláhì", á sì tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á dùbúlẹ̀ tí á fi etí lé ilẹ̀. Mo ṣì ń rí i: àgbàlagbà lórí koríko tútù, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò wo ibì kan, ó ń tẹ̀lé ṣaworo lábẹ́ ilẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí ibi tó dé. Ìka yẹn á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Á dúró. Ilẹ̀ á mì tìtì lábẹ́ wa, ehoro á sì bú jáde.

Bísímílláhì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ti bi áàfáà kan ní Woolwich, áàfáà sì sọ fún un pé ẹran tí a kọ́ níṣẹ́, tí a pe orúkọ Ọlọ́run ká tó rán an, ohun tó bá mú tọ́ sí wa bí kò bá jẹ nínú rẹ̀. Bàbá tún fi tirẹ̀ kún un. Èyí tó bá bọ́ sínú àwọ̀n láàyè nìkan ló ń dú fún wa. Èyí tí fẹ́rẹ́ẹ̀tì bá pa sínú ihò, ti fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé bó bá gbàgbé láti pe orúkọ náà ńkọ́. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Orúkọ yẹn ló ń mú un padà. Ẹni tí o rán níṣẹ́ tí kò mọ ẹni tó rán òun, ọ̀dọ̀ ta ló fẹ́ padà sí?"

Ìbínú rẹ̀ kì í ní ariwo. Ní ọdún kejì tí mo dé, Ìwàlẹ̀wà bímọ. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kí ẹnikẹ́ni má ṣí koríko tó wà lórí àwọn ọmọ náà. Èmi ọlọ́gbọ́n ayé, ọjọ́ karùn-ún ni mo fi ọwọ́ gbé koríko yẹn. Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n pupa, wọn ò tíì lajú, wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ. Mo rọra dá koríko padà. Nígbà tí mo máa fi ti ibi iṣẹ́ dé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ìwàlẹ̀wà jókòó, ó ń lá ẹnu rẹ̀ mọ́, ó ń wò mí. Mo bú sẹ́kún. Bàbá wo inú àgò, ó wo èmi náà, ó sì gòkè lọ ṣe àlùwàlá. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń bu ẹ̀bà fún un, ó ní, "Òórùn ọwọ́ rẹ ló pa wọ́n. Ìyá wọn kàn parí rẹ̀ ni."

Mummy ò fara mọ́ àwọn ẹran yẹn rí. Mùsùlùmí ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti fẹ́ bàbá mi ló ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti gbóná débi pé kì í kọjá níwájú gáréèjì yẹn láìgbàdúrà. Ó ní ẹran tó ń wọ inú ilẹ̀ kiri, kò sí bí kò ṣe ní gbé nǹkan kan bọ̀. Ó fẹ́ kí Bàbá kó wọn dànù, kó wá sí Barnfield, tàbí kó lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà. Ṣé wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Bí Mummy bá ti fi òwe yìí bẹ̀ ẹ́, Bàbá á ní òun gbà, òwe náà dára, ṣùgbọ́n òun ò tíì dàgbà tó yẹn. Èmi á rẹ́rìn-ín, Mummy á wá kọjú ìjà sí mi.

Àwàdà yẹn tán ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kìíní. Mummy wá, ó ní òun ti gba fọ́ọ̀mù ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, pé Bàbá máa kúrò níbẹ̀ dandan. Wọ́n jà débi pé aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri. Bàbá gbé Tanímọ̀la, ó so ṣaworo mọ́ ọn, ó jáde, mo gbé àwọ̀n tẹ̀lé e. Mo rò pé ọ̀nà Plumstead là ń lọ. Kò lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ló gbà, sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ lẹ́bàá omi, ibi tí kò dẹ àwọ̀n sí rí. Ilẹ̀ ológun ni ibẹ̀ látijọ́, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀tù ìbọn àti ọta, àwọn tó pẹ́ níbẹ̀ sì máa ń sọ pé ọ̀nà bíríkì wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó já sí. Bàbá ò dúró dẹ àwọ̀n kankan. Ó ṣì ń bá Mummy jà lẹ́nu. Ó gbé Tanímọ̀la sẹ́nu ihò, ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa lé mi kúrò nílé mi," ó sì tú u sílẹ̀.

Ó fi etí lé ilẹ̀. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń lọ, kò yà, kò dúró. Bàbá dìde, ó lọ sí iwájú, ó tún dùbúlẹ̀. Ó tún dìde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tẹ̀lé e títí ó fi dé ara ilé wa, orí sìmẹ́ǹtì gáréèjì, níbi tí kò lè gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà tó gbójú sókè, mi ò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. "Mi ò pe orúkọ," ó ní.

Ó gbé àga lọ sẹ́nu ihò yẹn. Ó tẹ́ kóòtù rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹran náà lè gbóòórùn rẹ̀, ó gbé koríko àgò rẹ̀ síbẹ̀, ó sì jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọdé rò pé ó ń pẹja. Tí mo bá gbé tíì lọ, màá bá a tó tẹ̀ síwájú, tó ń sọ Bísímílláhì sínú ihò náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe ọmọ wálé jẹun. Kò sí nǹkan tó jáde.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó ní òun ń gbọ́ ṣaworo lábẹ́ ilé. Mo ní páìpù ni. Ó máa ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án, lẹ́yìn ìrun àìlá, tí mo bá ti pa rédíò. Mo rò ó pé ó lè jẹ́ òótọ́ lóṣù àkọ́kọ́, eku kún ìsàlẹ̀ yẹn, fẹ́rẹ́ẹ̀tì á rí jẹ. Ṣùgbọ́n ọdún kan kọjá. Ọdún kejì wọlé. Bàbá ò lọ kí Jímọ̀ ní Woolwich mọ́, torí Tanímọ̀la lè jáde kó má bá ẹnikẹ́ni. Ó máa ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù ilé ìdáná, á máa pe orúkọ náà sísàlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ó ti kú. Ẹ jẹ́ kó lọ." Ó ní kò kú. "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kankan ò tíì ní kó dúró."

Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a lórí sìmẹ́ǹtì gáréèjì, etí rẹ̀ lórí ilẹ̀, ara rẹ̀ tutù nini. Kò lè dìde. Ìyẹn ni Mummy fi pe ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ wá di ẹyọ kan: ṣé orí Bàbá pé, kó máa gbé ilé rẹ̀, àbí kò pé, kí wọ́n gbé e lọ. Ó sì ti sọ fún mi pé kí wọ́n gba ohun tó bá wù wọ́n lọ́wọ́ òun, kí wọ́n ṣáà fi òun sílẹ̀ síbẹ̀ títí Tanímọ̀la á fi jáde, torí ẹni tó bá rán ẹlòmíì níṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró dè é.

Ọ̀sán Túsìdè ni obìnrin ọ́fíìsì náà wá. Onísùúrù èèyàn ni, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé a ní kó bọ́ ọ. Àwa mẹ́rin, pẹ̀lú Mummy, jókòó ní pálọ̀, mò ń túmọ̀. Ó béèrè orúkọ oṣù, Bàbá sọ ọ́. Ó béèrè ohun tó jẹ láàárọ̀, Bàbá sọ ọ́, ó tún bú búrẹ́dì òyìnbó mọ́ ọn, obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó wá béèrè nípa ṣaworo, ṣé ó ń gbọ́ ọ báyìí. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀. Ó gbé ìka kan sókè.

Mo gbọ́ ọ.

Kì í ṣe páìpù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dún lábẹ́ ògiri tó wà lọ́dọ̀ fèrèsé, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ wá lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bí ẹran ṣe ń rìn, ó yára díẹ̀, ó dúró, ó tún yára. Ìka Bàbá ń tẹ̀lé e. Ó wá dúró sábẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an.

Obìnrin náà wò mí. Ó ní èmi tí mo ń bá Bàbá gbé, tí mo sì mọ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ṣé mo gbọ́ nǹkan kan. Ẹ gbọ́, mi ò ní parọ́ fún yín bí mo ṣe pa á fún un. Ẹ̀rù bà mí. Ó tún ti rẹ̀ mí: láti máa gbé arúgbó níbi iṣẹ́, kí n dé ilé kí n tún gbé òmíràn kúrò lórí sìmẹ́ǹtì. Mo sì rò ó pé bí mo bá ní mo gbọ́ ọ, wọ́n á kọ orúkọ tèmi náà sínú ìwé yẹn. Mo ní rárá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó bi Mummy. Mummy ń wo ògiri, ó ní òun náà ò gbọ́ nǹkan kan.

Kò sẹ́ni tó túmọ̀ ìyẹn fún Bàbá. Ó rọra sọ ìka rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó wá wo ojú mi, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀. Kò bínú. Ó ní kí n túmọ̀ èyí fún àlejò wa: "Sọ fún un pé òótọ́ lọmọ mi sọ. Èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ." Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo túmọ̀, kò sí èyí tí mo fò.

Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi gbé e lọ. Ọkùnrin kan láti Kent wá kó àwọn ẹran tó kù. Yàrá tí wọ́n fún Bàbá wà ní òkè kẹta, ó mọ́, ó gbóná, kò sì sí ilẹ̀ kankan nítòsí tó lè fi etí lé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ti já wa láyà, torí Bàbá tí kò bá ẹnikẹ́ni jà kì í ṣe Bàbá. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀ kó tó kú. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó bi mí bóyá Tanímọ̀la ti jáde. Mo ní, "Ó ti jáde, Bàbá. Mo ti gbé e wọ àgò." Ó pa ojú dé, ó ní, "O ṣeun. Mi ò gbọ́ nígbà tó jáde."

Ìyá mi ló gba àwọn áàfáà sílé ní Barnfield fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ, òun tí kì í fẹ́ gbọ́ ohùn wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, àwa méjì dúró nídìí síǹkì, ó ń fọ abọ́, mò ń nù ún. Mi ò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́. Mo ní, "Mummy, mo gbọ́ ṣaworo yẹn lọ́jọ́ tí obìnrin yẹn wá." Ó fọ abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó ṣan án, ó gbé e fún mi.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ó dúró díẹ̀ lábẹ́ àga tèmi kó tó wá sábẹ́ tìrẹ."